Ẹ̀tù Fẹ́ Gbígbẹ, Ó Kórìíra Iná

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan wà nínú èdè Yorùbá tí ó máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú bí wọ́n bá fojú tín-ín-rín àmì ohùn. Ẹtu ni ẹran kékeré inú igbó. Ẹtù ni ẹyẹ tí funfun tò tó-tò-tó sí lára. Ẹ̀tù ni ìyẹ̀fun dúdú tí ọdẹ ń rọ sínú ìbọn. Ọdẹ tí yóò bá fi ẹtu tàbí ẹtù jẹun lálẹ́ ní láti ti tọ́jú ẹ̀tù sílẹ̀ láti ọ̀sán. Àwọn òpìtàn wa ti kọ púpọ̀ nípa àwọn tí ó yìnbọn lójú ogun. A mọ orúkọ wọn, a mọ oríkì wọn, a sì mọ ibi tí wọ́n ṣubú sí. Ṣùgbọ́n ta ni ó tọ́jú ẹ̀tù tí wọ́n yìn? Ibo ni wọ́n kó o sí tí òjò kò fi pa á, tí iná kò sì fi kàn án? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí ó dá mi lójú pé bí a bá tọ ipasẹ̀ ẹ̀tù láti ọwọ́ olùtọ́jú rẹ̀, a ó rí ohun kan nínú ìtàn wa tí ariwo ìbọn kì í jẹ́ kí a gbọ́.

Mo mú agbègbè Ọ̀rẹ̀ àti Odigbó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó gẹ́gẹ́ bí ibi tí n ó dúró sí wo ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ láti Èkó lọ sí Benin mọ Ọ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni èrò ti ń sọ̀ jẹun. Ibẹ̀ ni ẹni tí ó ń lọ sí Oǹdó àti ẹni tí ó ń lọ sí Òkìtìpupa ti ń ya ara wọn. Òun náà ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbó. Kí ọ̀nà ọlọ́dà tó dé, igbó kìjikìji ni agbègbè náà, ilẹ̀ ọdẹ sì ni. Òjò ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, ọ̀rinrin inú igbó náà kì í sì í jẹ́ kí nǹkan ó tètè gbẹ. Ẹ jẹ́ kí a fi ti ọ̀rinrin yìí sọ́kàn, nítorí òun ni ó kọ́ àwọn ọdẹ ibẹ̀ lọ́gbọ́n.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ gba ìjálá sílẹ̀ ní abúlé kan láàrin Ọ̀rẹ̀ àti Odigbó. Bàbá ọdẹ tí ó gbà mí lálejò ń tún ẹrù ìbọn rẹ̀ tò ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì gbà kí n jókòó ti òun. Ohun tí ó kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Tísà, o ò mu sìgá, àbí?” Mo ní, “Rárá o, Bàbá.” Ó tún ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ nílé ìdáná pé kí ó da omi sí iná. Ìgbà tí ó gbọ́ pé iná ti kú ni ó tó wọ yàrá lọ gbé ohun tí ó fẹ́ gbé.

Pákó gbọọrọ kan ni ó fi ṣe tábìlì, ó gbé e lé orí òkúta méjì lábẹ́ igi ọsàn ní gbangba ìta. Ó gbé kèrègbè ẹ̀tù sí ìkangun kan. Ó gbé agolo mílíìkì tí ọta òjé wà nínú rẹ̀ sí ìkangun kejì. Àárín ni ó kó èépo àgbọn tí ó ti fọ́n bí òwú sí, èyí tí a fi ń dí ẹ̀tù mọ́ inú ìbọn, pẹ̀lú ọ̀pá tí a fi ń kì í. Ìbọn fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Inú yàrá ni ó wà, òfìfo. Mo bi bàbá pé kí ló dé tí kò gbé gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, “Ẹ̀tù, ọta àti ìbọn, wọn kì í sùn pọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá máa pàdé, inú igbó ni, níwájú ẹran.”

Mo wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Kò fi ṣíbí onírin kan ẹ̀tù rárá. Ìgbá kékeré tí a gbẹ́ lára akèrègbè ni ó fi ń bù ú. Ó ní irin a máa bá irin jà, ìjà wọn a sì máa bí iná. Ohun kan náà ni àwọn ológun Òyìnbó mọ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé ẹ̀tù wọn: bàbà tàbí igi ni wọ́n fi ń ṣe irinṣẹ́ inú rẹ̀, ẹni tí ó bá sì wọ bàtà onísọ́ yóò bọ́ ọ kí ó tó wọlé. Bàbá yìí kò ka ìwé wọn; ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni ó ti kọ́ tirẹ̀. Ó wọn ẹ̀tù tí ó tó ìyìn kan ṣoṣo sínú ihò ọparun kékeré kan, ó dí i lẹ́nu, ó tún mú òmíràn. Bí ó ti ń ṣe é ni ó ń kà á sókè. Ó ní ọdẹ tí kò wọn ẹ̀tù, tí ó kàn ń dà á sínú ìbọn bí ẹni da gaàrí sínú omi, ojú ara rẹ̀ ni ó ń dọdẹ, nítorí ọ̀pá ìbọn a máa bẹ́.

Ìṣòro tí ó le jù ni ti ibi ìpamọ́. Ẹ̀tù tí ó bá rin kì í gbaná, ọdẹ tí ẹ̀tù rẹ̀ kò bá sì gbaná níwájú ẹfọ̀n ti di ìtàn. Nínú ilé àwọn baba wa, ibi tí ó gbẹ jù lọ ni àjà tí ó wà lókè àdògán, níbi tí èéfín ti ń yan àgbàdo àti ìrù ẹran. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tù kò gbọdọ̀ dé. Ẹ̀tù fẹ́ gbígbẹ, ó kórìíra iná. Bẹ́ẹ̀ ni nínú ilé onígbó, ibi tí iná bá wà ni gbígbẹ wà. Bí bàbá náà ṣe tú u ni pé ó fi ìda oyin dí ẹnu kèrègbè títí tí afẹ́fẹ́ kò fi ráyè wọlé, ó sì so ó kọ́ sára ògiri yàrá tí ó jìnnà jù sí ilé ìdáná. Kò kó gbogbo rẹ̀ sójú kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a máa sá a lórí ẹní nínú oòrùn, a sì lé àwọn ọmọdé lọ. Bí ó bá kó o kúrò lóòrùn, kì í dà á padà sínú kèrègbè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A jẹ́ kí ó tutù lábẹ́ òjìji ná, nítorí ohun tí a bá dé mọ́lẹ̀ ní gbígbóná yóò làágùn.

Ìmọ̀ tí mo rí lórí pákó yẹn kò ṣẹ̀yìn ìtàn gígùn. Ìbọn kò bá wa dáyé. Ọfà, ọ̀kọ̀ àti idà ni àwọn ará Ọ̀yọ́ fi kó ilẹ̀ jọ nígbà tí agbára wọn pọ̀. Ojú òkun ni ìbọn ti wọlé, láti ọwọ́ àwọn oníṣòwò Òyìnbó tí ń gba ẹrú, nítorí náà àwọn tí ó sún mọ́ òkun ni ó kọ́kọ́ rí i lò. Samuel Johnson, ẹni tí a tẹ ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní ọdún 1921, sọ bí àwọn Ìjẹ̀bú ṣe lo ìbọn nínú ogun Òwu ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ará Òwu gbẹ́kẹ̀ lé àdá. Láti ìgbà náà, kò sí ìlú tí ó lè dá ogun sílẹ̀ láìkọ́kọ́ ro ibi tí yóò ti rí ẹ̀tù. Ìbọn ṣakabùlà tí ó wọ́pọ̀ nígbà náà, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi orílẹ̀-èdè Denmark sọ lórúkọ, kò ṣòroó lò. Ẹnu rẹ̀ ni a ti ń rọ ẹ̀tù sí i, a ó fi nǹkan dí i, a ó ju ọta sí i, a ó fi ọ̀pá kì í. Akọ òkúta ni yóò ṣá iná sí ẹ̀tù tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí òjé bá wọ́n, alágbẹ̀dẹ a rọ ọta láti ara irin. Bí ìdí ìbọn bá fọ́, agbẹ́gi yóò gbẹ́ òmíràn. Ẹ̀tù nìkan ni ó kù tí a ń wojú àlejò fún, inú àgbá ni ó sì máa ń wà wá láti òkè òkun.

Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ ni ìtàn yìí yí padà, ibẹ̀ ni ilẹ̀ Odigbó sì ti bá a pàdé. Ní ọdún 1877 ni àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà Èkó mọ́ Ìbàdàn. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí dìde sí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì para pọ̀, Ògèdèǹgbé sì wá di olórí ogun wọn. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọjà. Ní nǹkan bí ọdún 1872, John Glover, aláṣẹ Èkó tí àwọn ará ìlú ń pè ní Gólóbà, ti rí i pé àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú lè fi ọ̀nà wọn dí òwò Èkó lọ́wọ́, ó sì ti wá ọ̀nà mìíràn sí ìhà ìlà-oòrùn. Ọkọ̀ ojú omi yóò gba inú ọ̀sà lọ sí etí ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Láti ibẹ̀ àwọn aláàárù yóò gba inú igbó dé Oǹdó, wọn yóò sì tẹ̀ síwájú lọ sí Iléṣà àti Èkìtì. Igbó tí ó wà láàrin Ìkálẹ̀ àti Oǹdó ni igbó tí mo ń sọ láti àná, èyí tí ó di Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbó lónìí.

Lórí orí àwọn aláàárù ni ìbọn Snider gbà wọ ojú ogun Kírìjì. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó ń gbé ní Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn ti dé láti Sàró àti Brazil, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n dá owó jọ, wọ́n sì ń ra ìbọn ránṣẹ́ sí ilé. Snider yàtọ̀ sí ṣakabùlà pátápátá. Ìdí rẹ̀ ni a ti ń kì í. Ẹ̀tù, ọta àti ohun tí ń ṣá iná ti wà pọ̀ nínú ìkarahun idẹ kan, èyí tí a ń pè ní kátíríìjì. Ẹ rántí ihò ọparun bàbá ọdẹ: èrò kan náà ni, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ni ó ṣe é, ó sì fi ọta àti iná kún un. Kí oníṣakabùlà tó rọ ẹ̀tù tán, onísnider ti yìn, ó ti tún yìn. Ìró ìbọn náà láàrin àwọn òkè Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí ni a gbọ́ pé ó fún ogun náà ní orúkọ rẹ̀.

Gbogbo ènìyàn ni ó ń sọ nípa agbára Snider. Ohun tí a kì í sọ ni ohun tí ó gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó lò ó. Ọdẹ oníṣakabùlà lè wọn ẹ̀tù fúnra rẹ̀, ó lè yọ́ òjé, ó lè fi èépo àgbọn dí i, ó sì lè mọ iye tí ó kù sílé. Onísnider kò lè dá kátíríìjì ṣe lórí pákó abẹ́ igi ọsàn. Bí ọ̀nà bá dí fún oṣù kan, igi ìdáná ni ìbọn rẹ̀ fi sàn díẹ̀. Ọ̀nà Oǹdó ti wá di àpò ọta Èkìtìparapọ̀. Àwọn Ìbàdàn náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ọ̀nà wọn dí, àwọn oníṣòwò wọn náà wá ń gba Òkè-Igbó bọ́ sí ọ̀nà Oǹdó kan náà. Ọ̀nà kan ń bọ́ ẹgbẹ́ ogun méjì tí ń pa ara wọn, ẹni tí ó bá sì ní agbára lórí ibodè Èkó ni ó lè pinnu iye ọjọ́ tí ìjà yóò fi gùn. Nítorí náà kò yà mí lẹ́nu pé Èkó ni àwọn aṣojú ti tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní oṣù kẹfà ọdún 1886, tí Johnson àti Charles Phillips, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ń ṣiṣẹ́ ní Oǹdó, fi ṣe ìránṣẹ́ láàrin ibùdó méjèèjì. Kò yà mí lẹ́nu pẹ̀lú pé ọdún 1893, nígbà tí Gómìnà Carter wá fúnra rẹ̀, ni ibùdó náà tó tú ká.

Àwọn Òyìnbó ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ju àwa lọ. Ní oṣù keje ọdún 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù àti àwọn mìíràn parí àpérò kan ní Brussels. Wọ́n ní nítorí òwò ẹrú ni wọ́n ṣe pè é, ṣùgbọ́n apá kan òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ jẹ́ ti ìbọn. Wọ́n ka ìbọn ìgbàlódé àti kátíríìjì léèwọ̀ ní apá tí ó pọ̀ jù nílẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n yọ̀ǹda ìbọn olókùúta àti ẹ̀tù òwò lásán. Wọ́n tún pàṣẹ pé kí a kó ìbọn àti ọta tí ó bá wọlé sí ilé ìpamọ́ tí ìjọba ń ṣọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì kó o jáde láìgba àṣẹ. Ní May 19, ọdún 1892, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn Maxim ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn. Àwọn Ìjẹ̀bú tí ó kọ́kọ́ gbé ìbọn wọ ogun ilẹ̀ Yorùbá wá di ẹni tí ìbọn tuntun borí.

Bí a bá bi mí léèrè ìdí tí ṣakabùlà fi wà ní èjìká ọdẹ Odigbó títí di òní, n ó ní kí a wo òfin yẹn kí a tó sọ̀rọ̀ àṣà. Ìbọn tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa ni a tọ́jú. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959, èyí tí Nàìjíríà òmìnira jogún, tẹ̀lé ipa ọ̀nà kan náà. Ó fi ìbọn tí a ń kì lẹ́nu sí ìsọ̀rí tirẹ̀, ó ya á kúrò lára ìbọn ológun, ó sì sọ ṣíṣe ìbọn àti ọta láìgbàṣẹ di ẹ̀ṣẹ̀. Mi ò sọ pé òfin náà burú. Mo kàn fẹ́ kí a rí i pé ọ̀rọ̀ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀tù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ ìjọba láti ìgbà pípẹ́.

Ní ọdún 1967, ogun tún gba agbègbè yìí kọjá. Ní August 9 ni ọmọ ogun Biafra sọdá Odò Ọya ní Asaba, lábẹ́ Victor Banjo, ọmọ Yorùbá. Wọ́n gba Benin lọ́jọ́ kan náà, wọ́n sì tẹ̀ síwájú dé Ọ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró, ìjà náà sì gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ó di àṣamọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn: “Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!” Ní September 20, ìjọba àpapọ̀ ti gba Benin padà. Ìdí tí ó fi jẹ́ Ọ̀rẹ̀ kò farasin: oríta ni, ẹni tí ó bá dì í mú di ọ̀nà Èkó, Oǹdó àti òkun mú. Lẹ́yìn èyí, a sé ilẹ̀ Biafra mọ́ lórí ilẹ̀ àti lórí omi. Nígbà tí ọ̀nà dí, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ wọn padà sórí pákó, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe ohun abúgbàù tí wọ́n pè ní ogbunigwe. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ bá dí yóò padà sí iṣẹ́ ọwọ́, bí ó bá ṣì mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo wá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa lónìí. Ní January 27, ọdún 2002, ilé ọta àwọn ológun ní Ìkẹjà gbiná. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ó kú, púpọ̀ nínú wọn sì rì sómi ní Òkè-Àfà níbi tí wọ́n ti ń sá àsálà. Ní January 16, ọdún 2024, ohun abúgbàù tí àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ kó pamọ́ sínú ilé kan ní Bódìjà, Ìbàdàn, bú gbàmù. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé wó lulẹ̀. Ológun ni ó ni ti àkọ́kọ́, awakùsà ni ó ni ti èkejì, ṣùgbọ́n àṣìṣe kan náà ni ó wà nídìí méjèèjì: ohun tí kò yẹ kí ó sùn pọ̀ ni ó sùn pọ̀, láàrin ibi tí ènìyàn ń gbé.

Ní ọdún 2020 ni àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, wọ́n sì ké sí àwọn ọdẹ. Inú mi dùn pé a rántí wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a pè wọ́n, ojú wọn tí ń ríran nínú òkùnkùn àti ẹsẹ̀ wọn tí ó mọ igbó ni a rò pé a fẹ́. A kò rántí béèrè ìmọ̀ ìpamọ́ wọn. Lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, àwọn ọmọ ọdẹ tí mo bá pàdé ní agbègbè Ọ̀rẹ̀ mọ ìbọn yìn. Ọ̀kan nínú wọn fi ibi tí ó ń tọ́jú ẹ̀tù sí hàn mí: inú àpò ọ̀rá ni, lábẹ́ ibùsùn, fìtílà sì wà lórí àpótí níwájú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní èyí tí bàbá abẹ́ igi ọsàn mọ̀. Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ọ́ sí òun lójú? Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀tù tí a kó sábẹ́ ibùsùn, bí ó pọ̀ bí kò pọ̀, ta ni yóò sùn lé e?

Ìmọ̀ràn mi kò ju méjì lọ. Èkíní, kí àwọn ẹgbẹ́ ọdẹ àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ kọ́ ilé ìpamọ́ sí ẹ̀yìn ìlú, lábẹ́ òfin, kí ọdẹ má baà máa fi ilé tí ọmọ rẹ̀ ń sùn ṣe ilé ẹ̀tù. Èkejì, kí àwa olùkọ́ tí ń gba ìjálá àti ìrèmọ̀jé sílẹ̀ máa gba ìmọ̀ yìí sílẹ̀ pẹ̀lú. Èmi náà jẹ̀bi níbẹ̀. Odidi wákàtí méjì ohùn ìjálá ni mo gbà sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá náà. Nígbà tí ó ń tò ẹrù rẹ̀ sórí pákó, tí ó ń sọ ìdí tí ìkọ̀ọ̀kan fi wà ní ipò rẹ̀, mo ti pa ẹ̀rọ tí mo fi ń gbohùn sílẹ̀, nítorí mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Bàbá ti papò dà. Ohun tí mo kọ síhìn-ín ni ìwọ̀nba tí mo rántí.